Ojú Mi Ni Ìyá Àgbà Fi Ń Kàwé

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé ìwé wo ló sọ mí di irú ẹni tí mo jẹ́ lónìí. Ó ti ń retí kí n dárúkọ Bíbélì, tàbí ìwé Òyìnbó kan tó tóbi bí ìtí igi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ìwé mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ojú ewé kan ṣoṣo ni, ìyẹn ojú ewé tí mo kọ̀ tí n kò kà.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mò ń gbé lọ́dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn. Ẹ̀lùbọ́ ni Ìyá Àgbà ń tà. Kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rẹ́ ẹ jẹ nídìí owó. Lálaalẹ́, bí a bá ti jẹ àmàlà tán, á fa àtùpà sún mọ́ mi, á ní, "Àkànní ọkọ mi, gbé àwọn ọdẹ rẹ wá." Ìwé tó ń wí ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ, tó jáde ní 1938. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ni ín. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já kó tó kàn mí.

Màá máa kà á, àwọn ará ilé á sì pé jọ. Bí Àgbákò bá yọ sí Àkàrà-Ògùn, Ìyá Àgbà á lọgun, á fọwọ́ lu itan. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, tó ń fi ìtàn kọ́ àwọn ọdẹ lọ́gbọ́n, á ní kí n rọra kà á kó lè wọ òun létí. Bí mo ṣe di èèyàn ńlá nínú ilé nìyẹn. Ẹran inú àwo mi pàápàá tóbi sí i.

Àfi lálẹ́ ọjọ́ tí a dé ibi tí Àkàrà-Ògùn ti lọ pe Kàkó Oníkùmọ̀ Ekùn pé kó bá àwọn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ìyàwó Kàkó dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ lọ, ni Kàkó bá yọ àdá, ó ṣá a. Ojú mi ti rí i kí ẹnu mi tó débẹ̀. Mo wo Ìyá Àgbà, mo rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí orúkọ Kàkó lásán ti dùn mọ́ ọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fo ibẹ̀. Mo ní Kàkó dágbére, ìyàwó súre fún un, ó sì bá wọn lọ.

Ìyá Àgbà ní, "Obìnrin dáadáa ni."

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú fi bá wa jókòó. Ìyá Àgbà ń yin Kàkó fún un. Tíṣà bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, Kàkó tó ṣá ìyàwó ẹ̀ ládàá náà lẹ̀ ń yìn yìí?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá Àgbà kò nà mí, kò bú mi. Ìgbà tí wọ́n sùn tán ló pè mí. "Àkànní, èmi ò mọ̀wé. Ojú rẹ ni mo yá. Bí o bá rí ejò lọ́nà, tí o ní okùn ni, ta lo fẹ́ kó bù ṣán?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò fẹ́ kí inú yín bàjẹ́ ni."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ni inú náà ni?"

Ó ní kí n ṣí ìwé náà padà. Mo kà á bí Fágúnwà ṣe kọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó fọhùn. Ó wá ní, "Ó dáa. A ti wá mọ irú ẹni tó ń bá wọn lọ báyìí. Kà á lọ."

Ìwé kejì ni Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti kà á. Lápàdé inú ìwé náà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan gbọ́ kó tó bi ẹlòmíràn. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti wọ̀ mí lára. Nígbà tí Òkédìjí papòdà ní 2019, mo tún un kà látòkèdélẹ̀.

Ẹ ò wá rò pé mo ti gbọ́n tán? Irọ́ ni. Mo ti di akọ̀ròyìn nígbà tí iná jó ọjà kan. Mo bá ìyá aláṣọ kan nílẹ̀ tó jókòó ti eérú. Ohun kan ṣoṣo tó rí sọ ni pé, "Ó ti tán." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà gbẹ jù. Mo jókòó, mo fi ẹkún àti èpè sí i lẹ́nu, ó kún ìdajì ojú ewé. Olóòtú wa gbọ́wọ́ lé mi léjìká.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà wọlé dé sí ọ́fíìsì wa, ó ká ìwé ìròyìn mọ́ abẹ́ apá. "Ọmọ mi ló kà á fún mi. Ó ní mo ṣépè fún ẹni tó fa iná. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tá a jọ ń tajà ti ń bi mí pé ta ni mò ń bá wí."

Ọ̀kan nínú wa fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé ṣebí I. B. Thomas náà ṣe é nínú Akéde Èkó ní 1929. Òótọ́ ni. Ìtàn Ìgbésí-Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá ni ìwé mi kẹta. Bíi lẹ́tà tí obìnrin aláìsàn kan ń kọ ránṣẹ́ ni Thomas ṣe gbé e jáde, ọ̀pọ̀ ará Èkó sì gbà pé òótọ́ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Thomas ló dá Sẹ̀gilọlá, ó lè fi ohun tó bá wù ú sí i lẹ́nu. Èmi kọ́ ni mo dá ìyá aláṣọ. Ó ní ìsọ̀, ó ní orúkọ, ó ní àwọn tó ń wò ó lójú lójoojúmọ́.

Mo kọ àtúnṣe, mo sì fi orúkọ mi sí i. Olóòtú gba ojú ewé mi lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí àtúnṣe náà jáde, mo gbé ìwé ìròyìn lọ sọ́jà, mo dúró níwájú ìyá náà àtàwọn ará ìsọ̀ rẹ̀, mo kà á sókè. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ìyá Àgbà ti lọ tipẹ́. Ìwé tó já lẹ́yìn náà ṣì wà lórí tábìlì mi. Nígbàkigbà tó bá ń ṣe mí bíi kí n fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ, ojú ewé Kàkó ni mo máa ń ṣí.