Oògùn Ọ̀fẹ́, Ọ̀nà Olówó

Nínú ojú ewé ìdílé ti oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ikọ́ ife ni mo fẹ́ bá yín sọ, àrùn tí àwọn onífaransé ń pè ní tuberculose. Èmi kì í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ni mo mú wá. Ní ilẹ̀ Benin wa yìí, ẹni tí ó bá ní ikọ́ ife kì í san owó oògùn rẹ̀. Òtítọ́ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Síbẹ̀, ilé tí ikọ́ ife bá wọ̀, òṣì a máa tẹ̀lé e wọlé. Báwo ni ohun tí a ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe ń sọ ènìyàn di onígbèsè?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí irú àrùn tí ó jẹ́. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfiṣe. Kòkòrò ni, Robert Koch ará Jámánì ni ó fi í han aráyé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wúkọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó tì í. Aláìsàn kan tí kò gba ìtọ́jú lè kó o ran ènìyàn 10 títí dé 15 láàrin ọdún kan. Oṣù mẹ́fà ni a fi ń lo oògùn rẹ̀: oríṣi mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin. Ara a máa le kí oṣù mẹ́fà tó pé, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tí ó bá dá oògùn dúró lójú ọ̀nà lè sọ kòkòrò inú rẹ̀ di èyí tí oògùn kò ràn mọ́, irú èyí náà ni yóò sì máa kó ran àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn olùwádìí kan lọ ṣe ìṣirò owó àrùn yìí ní Lilongwe, olú-ìlú Màláwì. Ìwé àtìgbàdégbà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé èsì wọn jáde ní 2007. Ìbéèrè ni wọ́n fi ṣe àkọlé rẹ̀: ǹjẹ́ àwọn tálákà Màláwì lè rí owó san fún ìtọ́jú ikọ́ ife tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́? Mo fẹ́ràn àkọlé yẹn, nítorí pé òun ni ìbéèrè tí ń bẹ lọ́kàn mi. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Kí a tó sọ fún aláìsàn pé ikọ́ ife ni ó ń ṣe é, ó ti ná dọ́là Amẹ́ríkà 13, ó sì ti pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ 22. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ti ẹni tí kì í ṣe tálákà jẹ́ 129 nínú 100 owó tí ó ń wọlé fún un lóṣù. Ti tálákà jẹ́ 248 nínú 100, èyíinì ni owó oṣù méjì àti ààbọ̀. Bí ẹ bá sì yọ owó oúnjẹ kúrò nínú ohun tí tálákà náà ń rí lóṣù, ó di 574. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Kò tíì gbé oògùn kan ṣoṣo mì o.

Màláwì jìnnà, nítorí náà mo wá ìṣirò náà sún mọ́ ilé. Láàrin àwọn aláìsàn tí mo máa ń bẹ̀ wò, bàbá kan wà ní ọ̀nà Ìlárá, àgbẹ̀ alágbàdo ni. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, nígbà tí ó ti ń lo oògùn fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ ka ohun tí ikọ́ náà ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin mú ìwé iléèwé rẹ̀ wá, ó fa ilà sí i, a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ ni ikọ́ náà dé. Ó ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń rù ú kiri ọjà, onípupa àti dúdú nì, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó lo ìyẹn títí. Lẹ́yìn rẹ̀, àgbo. Lẹ́yìn àgbo, ó lọ bá ẹnìkan tí ń gún abẹ́rẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, onítọ̀hún ní ibà ni, ó sì gún un ní márùn-ún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní kí ó lọ ya fọ́tò àyà níbòmíràn: ó san owó fọ́tò, ó san owó ọkọ̀, ó sùn sílé ará ìlú rẹ̀ kan, kò sì lè sùn síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọn yóò fi gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, àyẹ̀wò tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, oṣù mẹ́rin ti ń lọ.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, ọmọ náà kọ ọ́ pé: àpò àgbàdo 3, ewúrẹ́ 2, owó èésú tí ó kan ìyá rẹ̀, àti gbèsè kan tí ń gorí èlé. Níwájú oògùn ikọ́ ife, ó kọ òdo. Bàbá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì já ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ náà kò ka àwọn ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lọ sí iléèwé. Èmi ni mo ní kí ó kọ ọ́ sí i.

Àwọn àgbà wa ní kó tó di sòbìà, kó tó di egbò, olúgaǹbe là ń ké sí. Ẹni tí ó bá wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ó tó gbé owó rẹ̀ lọ sí ọjà oògùn. Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ràn dókítà tí ẹ ó gbà lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo gbé ìwé yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ aláàánú wa, tí mo sì ní kí a máa san owó ọkọ̀ fún àwọn tí ń lọ gba oògùn, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì, pé bí a bá san án lónìí, a ó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ lọ́la. Èrò yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí ìgbà tí ilé ìwòsàn ìjọba kì í gba owó, tí kò sì ní oògùn. Ní Pahou, nítòsí Ouidah, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, a dán ọ̀nà mìíràn wò: kí aráàlú san díẹ̀ lórí oògùn, kí owó náà má kúrò ní ilé ìwòsàn, kí a fi ra òmíràn. Ní oṣù kẹsàn-án 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà péjọ sí Bamako, wọ́n fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀, UNICEF sì wà lẹ́yìn wọn. Èmi kò ní bú u. Oògùn padà dé orí àtẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì dé ara ọmọ púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní díẹ̀ yẹn náà ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí a dá a sí, ẹni tí yóò dá a sí ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ní ti pé ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì, a ti wádìí rẹ̀ wò. Jessica Cohen àti Pascaline Dupas gbé àwọ̀n ẹ̀fọn lọ fún àwọn aláboyún ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Wọ́n fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n gba owó díẹ̀ ní òmíràn. Èsì wọn jáde ní 2010. Bí iye owó ti kúrò ní òfo tí ó di ọgọ́ta sẹ́ńtì, àwọn tí ń gba àwọ̀n dín ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ó sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kò lò ó kéré sí àwọn tí ó rà á. Mo ka èyí fún ìpàdé náà. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bi òun rí.

Ní 2014, àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé pinnu pé ìdílé kankan kò gbọdọ̀ bàjẹ́ mọ́ nítorí owó ikọ́ ife. Wọ́n fi 2020 ṣe gbèdéke. Ààlà tí a fi ń wọn ìbàjẹ́ yìí ni ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ìdílé ń rí lọ́dún, bí a bá ka owó iṣẹ́ tí ó sọnù mọ́ ọn. 2020 ti dé, ó ti kọjá. Nínú ìwádìí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ṣe, nǹkan bí ìdajì àwọn ìdílé tí ikọ́ ife wọ̀ ni ó kọjá ààlà náà. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Peru ní 2014 sì fi hàn pé àwọn tí owó bà jẹ́ báyìí ni ó tètè ń fi oògùn sílẹ̀, tí àrùn ń padà sí lára, tàbí tí ń kú. Ìpalára owó súnmọ́ ti kòkòrò tí oògùn kò ràn.

Ẹ tún wo ará Samáríà inú Ìyìn Rere Lúùkù. A máa ń rántí òróró àti wáìnì tí ó dà sí ojú ọgbẹ́, ìyẹn ni oògùn. A kì í dúró lórí ìyókù: ó gbé ọkùnrin náà ka orí ẹran tirẹ̀, ìyẹn ni owó ọkọ̀, ó mú un dé ilé èrò, ìyẹn ni ibùsùn àti oúnjẹ, ó fi owó fàdákà méjì sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ó sì ní bí ó bá lé, òun yóò san án nígbà tí òun bá ń padà bọ̀. Bí mo bá ń kọ́ àwọn katekúmẹ́nì ní ìtàn yìí nísinsìnyí, mo máa ń bi wọ́n pé èwo ni ó gba owó jù nínú gbogbo rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó dárúkọ òróró.

Ìpàdé fẹnu kò níkẹyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn méjì ṣì ń kùn. Ọrẹ kejì ti Ọjọ́ Olúwa àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a ó fi ṣe owó ọ̀nà fún àwọn aláìsàn ikọ́ ife mẹ́rin tí a mọ̀. Ọlọ́zémìjàn ni a ń san án fún tààrà. Bàbá ọ̀nà Ìlárá ti wọ oṣù kẹta. Ó sanra díẹ̀, àgbàdo ti ń gbó lóko, ó sì ń wí fún ìyàwó rẹ̀ pé ara òun ti dá, pé kí ni òun tún ń lọ ṣe níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ó yẹ kí ó tún lọ gba oògùn. Zémìjàn yóò wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, a ti san owó àlọ àti àbọ̀.