Yíyí Stíárìn Nìkan Kò Tó

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba wá sí Nàìjíríà rí mọ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni stíárìn ọkọ̀ wọn wà. Ọwọ́ òsì ni tiwa, nítorí pé láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún títì. Mẹ̀káníìkì tó mọṣẹ́ kì í gbé stíárìn nìkan sọdá. Yóò tú dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò gbé àwọn nǹkan tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ sí òdìkejì, yóò wo wáípà, yóò sì wo iná iwájú, nítorí iná tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì títì á máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀. Bí ó bá gbé stíárìn nìkan, ọkọ̀ náà á rìn, ṣùgbọ́n yóò máa yọ gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Top Gear, ètò ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n báyìí, nítorí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ní àdúgbò tí mò ń gbé ní Alexandra, ní Johannesburg.

Alex ni àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ń pè é. Láti 1912 ló ti wà. Òpópónà M1 ló là á láàárín òun àti Sandton, níbi tí àwọn olówó wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ̀ nípa Alex ni pé ibẹ̀ ni rògbòdìyàn lílé àjèjì ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008. Òótọ́ ni, n kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ mú kí àwọn aládùúgbò mi jókòó tì mí, tí wọ́n fi ń pè mí ní “bhuti”, bí a ti ń sọ pé “bùrọ̀dá”.

Ọ̀dọ́ mẹ́ta wà ní àgbàlá tó kọjú sí tiwa. Ọ̀kan ń wa takisí Quantum, bọ́ọ̀sì Toyota tó jẹ́ danfó ìlú yìí. Èkejì jẹ́ obìnrin. Òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ẹ̀kẹta ló ń fi fóònù ya àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọkọ̀. Fídíò tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí awakọ̀ náà ti ń fi ọwọ́ àwọn èrò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní Èkó, kọ̀ndọ́kítọ̀ ló ń pariwo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Níbí, èrò ló ń fi ọwọ́ sọ ọ́: bí o bá na ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò sókè, àárín ìlú lò ń lọ. Awakọ̀ náà ń tú ìka wọn bí ẹni ń tú Odù, obìnrin yẹn sì ń já a nírọ́ láti abẹ́ ọkọ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò tẹlifíṣàn rí i, ó sì fẹ́ fi owó sí i. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ sítúdíò. Ó fẹ́ awakọ̀ tí kò ní í sọ̀rọ̀, tí yóò dé àṣíborí. Ó fẹ́ kí wọ́n fi aláwàdà kan tí orúkọ rẹ̀ ti jáde rọ́pò obìnrin náà. Kí wọ́n sì yọ ẹ̀fẹ̀ ìka kúrò, nítorí kò ní í yé àwọn ará ìta. Ní kúkúrú, kó jọ Top Gear. Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mo fi ń jẹun. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá fún ẹni tí kò gbọ́ èdè wa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá bi mí pé kí ni mo rò.

Mo sọ ìtàn Amẹ́ríkà fún wọn. BBC bẹ̀rẹ̀ Top Gear ní 1977, ètò tó ń ṣàlàyé ọkọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ní 2002 ni wọ́n tún un dá, pẹ̀lú Jeremy Clarkson àti Richard Hammond. Jason Dawe ni ẹnì kẹta wọn nígbà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni James May gba ipò rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò rí i mú lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti di àwáwí. Ohun tí ayé ń wò ni àgbàlagbà mẹ́ta tó ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì ń bú ọkọ̀ tí kò bá wù wọ́n láìwojú ẹnikẹ́ni.

Ní 2008, NBC dán an wò ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e síta. Ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2010 ni ìkànnì History gbé tirẹ̀ jáde, pẹ̀lú Adam Ferrara tó jẹ́ aláwàdà, Tanner Foust tó jẹ́ awakọ̀ eré ìje, àti Rutledge Wood tó ń sọ̀rọ̀ lórí eré ìje NASCAR. Pápákọ̀ òfurufú àtijọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ní Dunsfold. Àwọn náà wá tiwọn ní El Toro, ní California. The Stig, awakọ̀ aláṣíborí funfun tí kì í sọ̀rọ̀, wà níbẹ̀. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi gbajúmọ̀ sínú ọkọ̀ pọ́ọ́kú, àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Stíárìn ti sọdá, iná iwájú ṣì ń tàn sójú ará iwájú.

Ohun méjì ni kò ṣeé gbé. Èkíní ni owó. Owó tí olúkúlùkù tó ní tẹlifíṣàn ń san ni BBC fi ń ṣe ètò. Kò gba ìpolówó ọjà nílé, kò sì bẹ̀rù ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kankan. Ìpolówó ni tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà ń jẹ, àwọn tó ń ta ọkọ̀ sì wà lára àwọn tó ń sanwó jù. Ìpolówó yẹn náà ló ń gé wákàtí kan kù sí nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀. Èkejì ni ọ̀rẹ́. A lè gba ènìyàn mẹ́ta síṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n a kò lè sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n jáde sí ọ̀nà tiwọn. Wọ́n wa ọkọ̀ bí àwọn tó ń fi òru gbé ọtí tí wọ́n pọn ní bòókẹ́lẹ́ sá fún ọlọ́pàá, ìtàn tí eré NASCAR ti jáde wá. Ẹni tó bá mọ bí ìjọba àmúnisìn ti dọdẹ ògógóró nílẹ̀ wa á mọ ìdí tí ìyẹn fi dùn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ sítúdíò dín kù, ọ̀nà sì pọ̀ sí i. Ètò náà pẹ́ títí di 2016.

Ẹnìkan lè ní, Who Wants to Be a Millionaire ńkọ́? Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló ti wá. Nígbà tí Frank Edoho bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2004, àga, iná àti orin wọn kan náà ni, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àti owó ló gbé ìyẹn ró, ojú ẹni tó ń wá owó kò sì nílò ìtumọ̀. Ẹ tún wo Big Brother Naija ọdún 2017. Johannesburg níbí ni ilé náà wà. Àwọn ará ilé bínú pé èéṣe tí kò fi sí ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ wọ́n wò ó tán, nítorí ẹnu àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹnu tiwa.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù wà ní ìta àgbàlá yẹn. Ní àwọn ọdún 1980, Jámánì ṣe BMW M3 fún eré ìje, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ṣe stíárìn rẹ̀ sí, Gúúsù Áfíríkà sì ń gba ọwọ́ òsì títì bí Ìlú Ọba. Nítorí náà ilé-iṣẹ́ BMW tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí ṣe 325iS tirẹ̀, tí kò sí níbòmíràn. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ irú BMW bẹ́ẹ̀ ní Gusheshe, wọ́n ń fi í yí òbírí nínú èéfín táyà, ó sì di ọkọ̀ tí wọ́n ń fi yangàn jù lọ. Ká ní wọ́n fi tipátipá gbé stíárìn M3 sọdá ni, ta ni ì bá fún un lórúkọ?

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Kí wọ́n gba iná àti kámẹ́rà tó dáa. Kí wọ́n gba ọgbọ́n bí a ti ń gé fídíò, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọṣẹ́ gan-an. Kí wọ́n má fi obìnrin náà sílẹ̀, nítorí bí kò bá sí ẹni tó ń já awakọ̀ nírọ́, ètò di ìwàásù. Kí wọ́n má sì yọ ìka. Ẹ̀fẹ̀ tó bá yé gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀ kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan. Èmi á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ará ìta tó bá fẹ́ gbọ́ á kà á.

Wọ́n ti kọ lẹ́tà padà, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí, ilé-iṣẹ́ náà kò tíì dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn.