Ìpara Tí A Rà fún Màmá

Ìbejì ni wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ìtàn yìí lẹ́nu kan ṣoṣo. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀bi, àwa méjèèjì la jọ ni ín.

Ìdí àtẹ gàrí la ti dàgbà ní Ìṣùà Àkókó. Inú oòrùn ni Màmá wa ti ń tajà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Adúmáadán ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá wa máa ń pè wọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n bí Ìdòwú, àmì dúdú yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì, ó ràn dé iwájú orí àti òkè ètè. Àwọn kan ní oòrùn ló jó wọn, àwọn kan ní oyún ló fà á. Màmá ò tilẹ̀ bìkítà. Àwa la bìkítà.

Nígbà tí a wọ yunifásítì ní Àkùngbá, Màmá wá bá wa ya fọ́tò. A gbé e sórí WhatsApp, ni ẹnìkan bá bi wá pé, "Kí ló ṣe màmá yín lójú?" Ojú tì wá. Owó irun tí a ń dì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la kó jọ, a gba ọjà Ìkàrẹ́ lọ, a ra ìpara àdàlù kan nínú ike funfun. Kò ní orúkọ, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó tà á ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni. Màmá gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún wa.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó ṣiṣẹ́! Láàárín oṣù méjì, ojú Màmá ti ń dán, àwọn oníbàárà ń pè wọ́n ní òyìnbó. Bó bá tán, a ó tún rà. Ọdún mẹ́ta la fi ń rà á. Ní ọdún kẹta, àmì náà padà wá, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń ṣe bí ẹni ta aró sí i, ara rẹ̀ sì rí ṣágiṣàgi. Màmá rò pé ìpara náà ò tó, wọ́n bá fi kún un. Ìgbà tó yá, wọ́n ń fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí a bá gbé fóònù sókè, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Dókítà awọ ara kan ní Ọ̀wọ̀ ló là wá lóye. Melanin ni aró tó wà nínú awọ wa. Oyún a máa ru àwọn tó ń pò ó sókè, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, oòrùn á sì máa koná mọ́ ọn. Hydroquinone máa ń dín aró náà kù, àwọn dókítà a sì máa lò ó fún oṣù díẹ̀, lábẹ́ ìṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá lágbára jù, tí ó sì pẹ́ jù, awọ lè dúdú pátápátá. Àwọn dókítà ní Gúúsù Áfíríkà ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1975. Orílẹ̀-èdè náà fòfin dè é nínú ìpara ní 1990, Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Wọ́n tún máa ń po steroid mọ́ ìpara abóra, èyí tó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, àti mercury, tó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Dókítà ò ní kí Màmá dá a dúró lójijì, torí ojú lè ru. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ó fún wọn ní ìpara mìíràn, ó ní kí wọ́n máa fi ìpara adènà oòrùn SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ para, kí wọ́n tún un fi ní wákàtí méjì-méjì bí wọ́n bá wà níta. Oṣù la ó fi kà á, kì í ṣe ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ má tẹ irorẹ́, àpá dúdú ló ń fi sílẹ̀. Ẹ má fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ibi tó dúdú. Bí ẹ̀yìn ọrùn yín bá dúdú tó sì nípọn, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ìdọ̀tí kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí a kúnlẹ̀ bẹ Màmá, wọ́n ní, "Ẹ̀bùn lẹ mú wá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí nínú yín bóyá ojú mi ń dùn mí."

Kò tíì lọ tán. Ó ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti ń jẹ́ ká ya fọ́tò. Agboòrùn ńlá la rà fún àtẹ wọn kẹ́yìn. Ká tó rà á, a bi wọ́n. Wọ́n ní aláwọ̀ búlúù làwọn fẹ́.