Àkùkọ Kérésìmesì ní Iléṣà

Ní ìgbà èwe mi, inú ọkọ̀ ni Kérésìmesì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti ku ọjọ́ méjì kí ọdún pé, bàbá mi yóò kó gbogbo wa kúrò ní Èkó, ó di Iléṣà, lọ́dọ̀ ìyá tí ó bí i.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé bí a bá ti kọjá Ìbàdàn, tí a sì ré odò Ọ̀ṣun kọjá ní Aṣéjìrè, Ìkirè kò jìnnà mọ́. Ta ni yóò sùn kọjá dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n rà, tí a fi ata sí, tí a dín títí tí ó fi dúdú, tí a wá dì sínú ewé. Ìyá mi a ní kí a fi ti Màmá Iléṣà sílẹ̀. A kì í tíì dé Gbọ̀ngán tí a ó ti jẹ nínú rẹ̀.

Iyán ni oúnjẹ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Kérésì ìrẹsì ni a ń gbé káàkiri àdúgbò. Ilé àwọn Mùsùlùmí tí ó kọjú sí tiwa ni a ń kọ́kọ́ gbé e lọ, nítorí wọn kì í gbàgbé wa nígbà Iléyá. Ọyẹ́ a ti sọ ẹsẹ̀ wa di funfun bí ẹni tí ó tẹ eérú; Màmá a sì fi òrí pa wá lára.

Àkùkọ wa a ti wà nílẹ̀ tipẹ́, pẹ̀lú àkísà pupa lẹ́sẹ̀: ti àwọn ọmọ Èkó nìyẹn.

Ní ọdún 1994, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. A kò lọ sí Iléṣà. Bàtà ọdún tí n kò rí gbà ni èmi ń sunkún sí.

Ọdún Àjíǹde ni a tó dé ibẹ̀. Àkùkọ náà ń rìn kiri lẹ́yìnkùlé, àkísà rẹ̀ ti ṣá. Bàbá mi béèrè ìdí tí wọn kò fi pa á.

Màmá ní, "Ta ni kí n pa á fún?"

Bàbá mi yíjú, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ó pẹ́ kí ó tó padà.

Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá, mo gba ọ̀nà yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ tèmi. Ayálégbé ni ó wà nínú yàrá Màmá báyìí. Sàréè rẹ̀ wà níwájú ilé. Mo ra dòdò ní Ìkirè. Àbíkẹ́yìn mi jẹ tirẹ̀ tán, ó nawọ́ sí èyí tí mo fi pa mọ́. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀.

"Ti ta ni, Mọ́mì?"

Kí n tó dáhùn, a ti dé Gbọ̀ngán.