Ìràwọ̀ Tí Kò Ní Orúkọ

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọ tuntun.

Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá bàbá àgbà mọ́ ní Ìpè-Àkókó, a rí agolo kan lẹ́yìn ibùsùn. Ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Òrùka tí a fi ń so ó kọ́ ti já, eku sì ti jẹ ọ̀já rẹ̀ ku ìdajì. Ìràwọ̀ Bọ́mà ni, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ ogun tí ó jà ní Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Bàbá mi kékeré yí i padà, wọ́n ní, "Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ti rà á." Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ bàbá àgbà sí jagunjagun.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n fín orúkọ sí ti àwọn ọmọ ogun Íńdíà, Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn àti tiwa kò ní orúkọ. Nítorí náà, ẹ̀yìn òfìfo kì í ṣe àmì ayédèrú. Lẹ́tà ni kí ẹ wò. Ẹ̀rọ ni ó tẹ ojúlówó, àmì Ọba George Kẹfà àti adé orí rẹ̀ a sì hàn ketekete. Idẹ yíyọ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣe ayédèrú. Lẹ́tà rẹ̀ a máa ṣe bàìbàì, ihò wẹ́wẹ́ a sì wà lára rẹ̀. Tiwa mú ṣáṣá.

Síbẹ̀, ojúlówó ìràwọ̀ kò lè sọ ẹni tí ó ni ín. Inú àpótí aṣọ ìyá àgbà ni a ti rí ẹ̀rí: ìwé tí wọ́n fi tú bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ogun, orúkọ wọn, nọ́mbà wọn àti Bọ́mà nínú rẹ̀. Bàbá mi kékeré dákẹ́ lọ títí. Kì í kúkú ṣe bàbá nìkan ni ó lọ láti agbègbè wa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ ní 1944, ó sì fara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbà á là.

Ó wá ku àtúnṣe. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìkàrẹ́ fẹ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ ọ́ kí ó lè dán. Mo di ọwọ́ wọn mú: iyanrìn a máa jẹ lẹ́tà, dúdú ara rẹ̀ sì ni ọjọ́ orí rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ nìkan ni a fi nù ún. Wọ́n fi wáyà idẹ ṣe òrùka tuntun láìfi iná kàn án; a tọ́jú ti àtijọ́. Mo rán ìyókù ọ̀já náà mọ́ aṣọ funfun.

"Ṣé kí n fín orúkọ bàbá sí i?" ni wọ́n béèrè. Ó wù mí, ṣùgbọ́n mo kọ̀. Bí a bá fín in lónìí, àwa gan-an ni a sọ ojúlówó di ayédèrú. Mo kọ orúkọ náà sínú ìwé, mo fi í sínú agolo.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ bi àgbà tí ó kù léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ire o.