Tọ́ọ̀ṣì Ara Kọ́kọ́rọ́ Màmá

Manchester,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Adéwálé àbúrò mi,

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí Bọ́lá àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ní ó ti ń rá kiri gbogbo ilé báyìí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wà nínú ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ.

O ní tọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lára kọ́kọ́rọ́ Màmá kò tàn dáadáa mọ́, pé o fẹ́ yọ LED inú rẹ̀, kí o fi èyí tí o tú lára làǹtánì ńlá rọ́pò. Inú mi dùn pé o ń ro ti Màmá. Ẹni tó ń jí lọ sí àdúrà ìdájí, tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, ó yẹ kó rí iná gidi lò. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má fi LED làǹtánì yẹn sí i.

Bátìrì ni kí o kọ́kọ́ wò. CR2016 méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lé orí èkejì: volt 3 lọ́nà méjì, ó di volt 6. Agbára tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 90 mAh lọ, bẹ́ẹ̀ ti fóònù rẹ lè tó 5000. LED oní-watt kan fẹ́ tó 350 mA kó tó tàn dé ojú àmì. Ti inú tọ́ọ̀ṣì Màmá, 20 mA péré ni wọ́n ṣe é fún. Bátìrì pẹlẹbẹ yẹn kò lè tú iná tó pọ̀ tó báyẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á kọ́kọ́ tàn yòò, kó tó pẹ́ á di bàìbàì.

Ohun tó yẹ kí o wá ni LED tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀, mìlímítà 5, tó ń jẹ 20 mA kan náà, àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wà dáadáa. LED aláwọ̀ búlúù ló wà nínú LED funfun, ìyẹ̀fun aláwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n fi bò ó tí àpapọ̀ wọn fi di funfun lójú wa. Ọdún 1993 ni Shuji Nakamura, tó ń ṣiṣẹ́ ní Nichia ní Japan, gbé LED búlúù tó mọ́lẹ̀ gan-an jáde. Òun, Isamu Akasaki àti Hiroshi Amano ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2014. Láti 1993 yẹn ni wọ́n ti ń tún un ṣe, tó fi jẹ́ pé iná kékeré kan náà ń mú ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po-ìlọ́po jáde. Èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kì í sábà wà lára àwọn tó dára.

Bí o bá dé ọjà, mcd ni wọn á máa kà fún ọ. Má jẹ́ kí iye ńlá tàn ọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe le tó lójú ibi tó dojú kọ ni mcd ń sọ, kò sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. LED tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní dígírì 15 péré á ní mcd gọbọi nítorí pé ojú kan ló kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ sí. Màmá nílò èyí tó fẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn lódindi.

Irú tọ́ọ̀ṣì yìí sábà máa ń rọrùn, o lè má nílò láti jó wáyà kankan. Tú ìdè kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, rọra là á. Wàá rí i pé ẹsẹ̀ LED kan wà lókè bátìrì, èkejì wà nísàlẹ̀. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnì, ẹsẹ̀ kan á fara kan bátìrì, iná á tàn. Wo bí wọ́n ṣe tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì dáadáa kí o tó fà á yọ, kí o tẹ ti tuntun bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ tó gùn ni pọ́sítíìfù. Ojú bátìrì tó fẹ̀, tí wọ́n kọ nǹkan sí, ni pọ́sítíìfù tirẹ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ni kí o fi dán LED wò. Á tàn díẹ̀ bó bá dojú kọ ibi tó yẹ. Má fi méjèèjì dán an wò, nítorí volt 6 láti ẹ̀yìn lè bà á jẹ́. Má sì fi bátìrì fóònù dípò rárá, á jó o.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Bọ́lá wá kù. Bí ọmọdé bá gbé irú bátìrì yìí mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 péré ó lè jó ẹran ibẹ̀ gidigidi, nítorí iná inú rẹ̀ ń sọ omi ara di oró tó ń jẹ ẹran. Èyí tó ti lò tán pàápàá ṣì léwu. Ọmọdébìnrin kan tí bátìrì bẹ́ẹ̀ pa ni wọ́n fi sọ òfin tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2022, Reese's Law, kí ilé bátìrì má baà rọrùn fún ọmọdé láti ṣí. Nítorí náà, ìdè ẹ̀yìn yẹn gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Bó bá sọnù tàbí tí ara tọ́ọ̀ṣì bá là, má fi rọ́bà so tọ́ọ̀ṣì náà, jù ú nù. Bátìrì tó ti kú, fi téèpù wé e, kí o kó o kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ẹ má fi ipá mú un bì. Ilé ìwòsàn UCH ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀.

Mo ti di LED oní-dígírì 60 díẹ̀ sínú àpò ìwé fún ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. Kó tó dé, ya fọ́tò inú tọ́ọ̀ṣì náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kí n wo bí ẹsẹ̀ LED ṣe wà níbẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fúnmiláyọ̀