Bí Àgbà Bá Ṣubú

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2024, Georgia, tí a kà sí ẹgbẹ́ kìíní láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, na Clemson ní 34 sí 3 nínú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáré. Àwọn olólùfẹ́ Clemson wo ẹ̀yìn: akọ́nimọ̀ọ́gbá Dabo Swinney kò gba agbábọ́ọ̀lù kankan láti yunifásítì mìíràn lọ́dún náà. Àwọn kan ní ìgbà rẹ̀ ti kọjá.

Ní oṣù kejìlá, Clemson borí SMU ní 34 sí 31, wọ́n gba ife líìgì wọn. Texas ló wá fi 38 sí 24 lé wọn jáde nínú ìdíje orílẹ̀-èdè.

Àríwísí wọn kò ṣófo. Ìdájọ́ ni ó yá jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí a wo ibi tí a ti kọsẹ̀, kí a má ṣe jókòó síbẹ̀.